Ohun tí timeout fi ojú mi rí ní Ìtòkú

Ará Àsẹ̀rò:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa timeout, ìyẹn kí ẹ̀rọ gé iṣẹ́ kúrò torí pé àsìkò tí wọ́n fún un ti pé.

Èmi ni mo ń bójú tó àkọsílẹ̀ àjọ ojoojúmọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí. Ìlà tó wà nínú MySQL, ìyẹn dátábéèsì wọn, ti lé ní 1,400,000. Wọ́n ní kí n tún èlé gbogbo rẹ̀ ṣírò. Mo kọ UPDATE (àṣẹ tó ń yí ohun tó wà nínú dátábéèsì pa dà) kan ṣoṣo, mo ṣe bọ́tìnì fún un, mo tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú kan géérégé, 504 yọ, ìyẹn pé sáfà dúró títí, kò rí èsì gbà.

Mo lọ sọ max_execution_time, ìyẹn gbèdéke àsìkò PHP tí mo fi kọ ètò náà, di 0 kó má ní gbèdéke mọ́, mo tún bọ́tìnì tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú-àáyá 50 ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì kọ: Lock wait timeout exceeded, ìyẹn pé ó dúró títí kí iṣẹ́ mìíràn tú ìlà sílẹ̀, àsìkò fi pé. Ó rú mi lójú. Nígbà tí mo tẹ SHOW PROCESSLIST láti wo iṣẹ́ tí MySQL ń ṣe lọ́wọ́, àyà mi já: UPDATE àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ti lo ìṣẹ́jú-àáyá 1,140!

Nginx, sáfà wẹ́ẹ̀bù tó wà níwájú PHP, ló gé mi, torí ìṣẹ́jú-àáyá 60 ló máa ń dúró de PHP bí ẹ kò bá yí i. MySQL ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti lọ. Ó di àwọn ìlà náà mú, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. PHP tí mo sì ń dá lẹ́bi, lórí Linux kì í ka àsìkò tó fi ń dúró de dátábéèsì rárá.

Mo fi àṣẹ KILL pa UPDATE àkọ́kọ́ yẹn. Kò dáwọ́ dúró o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo ohun tó ti yí pa dà sípò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń pè: "Bọ̀ọ̀dá, owó táwọn ìyá san láàárọ̀ yìí ò wọlé o. Kí la fẹ́ sọ fún wọn?" Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Ó dùn mí gan-an, òógùn ojú wọn ni.

Lálẹ́, mo gé iṣẹ́ náà sí ìlà 5,000, 5,000, pẹ̀lú COMMIT (àṣẹ tó ń fi àyípadà pamọ́ pátápátá) lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ id, ìyẹn nọ́ńbà ìlà, tó kẹ́yìn sílẹ̀. Inú tmux lórí sáfà ni mo ti ṣí i, kí iṣẹ́ lè máa lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi bá tiẹ̀ já. PHP tí a bá pè láti tẹ́míná kò ní gbèdéke àsìkò. Òjò dé, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tí mo pa dà wọlé, 865,000 ni mo bá lójú rẹ̀, ó ṣì ń sáré.

Ará Adátán:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. SQL Server, dátábéèsì mìíràn, ni tèmi. Bí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe é nínú SSMS, ètò tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ tààrà, ó máa parí. Inú ètò tí mo fi èdè C# kọ, ó máa kú ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. CommandTimeout, gbèdéke àsìkò àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ di 600, ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ wo WHERE mi, ibi tí àṣẹ ti ń sọ ìlà tó ń wá. Òótọ́ ni, kò sí index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí ó tètè rí ìlà) níbẹ̀. Mo fi sí i, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá 2 mọ́. Ṣé ẹ ṣírò 5,000 yẹn ni?

Ará Àsẹ̀rò:
Rárá, àbúrò. Mo fi 50,000 bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gba owó ń dúró pẹ́ jù, ni mo bá ń dín in kù títí wọn ò fi mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.