Níbo ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, tohubohu, ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí tohubohu nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń lò ó?

Èsì 1: Rúdurùdu gidi ni. Èdè Hébérù ló ti wá, tohu wa-bohu, nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:2, níbi tí ayé ti wà ní rúdurùdu, tó sì ṣófo. Tohu ni àìlétò, bohu ni òfìfo, wa sì ni “àti”. Ó tún wà nínú Jeremáyà 4:23. Àwọn Faransé yọ wa kúrò, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Rabelais, òǹkọ̀wé Faransé kan, tilẹ̀ fi Tohu àti Bohu sọ erékùṣù méjì lórúkọ nínú ìtàn rẹ̀ ní 1552.

Èsì 2: Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ẹ má sì fi rọ́pò hubbub: ariwo nìyẹn, ṣùgbọ́n tohubohu lè dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú lẹ́tà ibi iṣẹ́, chaos ló dáa jù, torí ó yé gbogbo ènìyàn.

Èsì 3: Ẹ wo Àìsáyà 34:11 náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: okùn ìwọ̀n tohu, òkúta bohu. Irinṣẹ́ kọ́lékọ́lé ni wọ́n fi ń wọn ìparun Édómù.