Níbo lẹ ti rí àrà tí ẹ fi ṣe infographic yín?

Ọmọ Láàgéré: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní ká ṣe infographic, ìyẹn ni pé ká fi àwòrán kan ṣoṣo sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń náwó oúnjẹ lọ́sẹ̀. Mo ti bi èèyàn 40 ní àdúgbò wa, iye wà lọ́wọ́ mi, àrà tí màá dá ni kò sí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń wo Pinterest, gbogbo ẹ̀ ti ń jọra lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe rí tiyín? Ọjọ́ Ajé ni mo máa fi sílẹ̀.

Kòsíná: Canva. Ó tán.

Arígbábuwò: Kòsíná, o rán mi létí ẹ̀sín mi. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, èmi náà wọ Canva, ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe àwòrán, mo mú èyí tí wọ́n ti yà sílẹ̀ níbẹ̀, mo yí àwọ̀ ẹ̀ padà, mo yọ búrẹ́dì, mo fi ẹ̀bà rọ́pò. Mo dé kíláàsì, àwa márùn-ún la gbé aṣọ ẹgbẹ́ wá! Igi kan náà, ewé kan náà. Olùkọ́ wa ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní ká tò sórí ìlà káwọn yà wá ní fọ́tò.

Kòsíná: 😂😂 Ẹ̀bà yẹn ló kó bá ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnuwá: Ẹ ń gbé Ifẹ̀, ẹ wá ń tẹ ojú mọ́ fóònù. Orí òjò ni mo ṣe tèmi lé. Mo wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá ààfin, mo rí àwọn ère orí tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú wọn láti iwájú dé àgbọ̀n. Mo ní, òjò rèé! Oṣù tí òjò bá pọ̀, mo mú ìlà sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ọyẹ́ dé, ìlà ṣọ̀wọ́n.

Ìyá Ruka: Ojú ọba lo fi ka òjò? O ò bẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnuwá: Rárá mà, mi ò ya orí kankan o. Ìlà nìkan ni mo yá lò.

Adé-ọ̀rọ̀: Èmi lo àwọn ìṣó ara Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ìṣó kan sí èèyàn kan. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní kí ló dé tí mo ya ìgò ọtí.

Ìjẹ̀ṣà Kan: Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Òṣómàáló paraku, àwọn tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn, ni bàbá tó bí bàbá mi. Láti Iléṣà ni wọ́n ti ń ru aṣọ kiri, tí wọ́n ń tà á láwìn. Wọn ò mọ̀wé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ni ìwé gbèsè wọn, ẹfun ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àmì tiẹ̀. Alápatà, wọ́n ya ọ̀bẹ. Ìyá aláró, wọ́n ya ìkòkò. Ìlà á wá tẹ̀ lé e. Bẹ́ni náà bá san díẹ̀, wọ́n á fitọ́ ra ìka, wọ́n á pa ìlà kan rẹ́.

Ìgbà tí mo ń wá àrà kiri bíi tìrẹ yìí ni mo lọ sílé ọdún. Mo jókòó sórí ibùsùn bàbá, ilẹ̀kùn yẹn kọjú sí mi. Ohun tí mo ti ń rí láti kékeré! Láti ibi tí mo jókòó sí, láìdìde, mo mọ ẹni tó jẹ gbèsè jù. Ohun tí wọ́n sì ti ń pariwo fún wa ní kíláàsì látọjọ́ yìí nìyẹn. Àwọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú tèmi tẹ́lẹ̀. Mo yọ méje. Ó ku dúdú ilẹ̀kùn àti funfun ẹfun.

Arígbábuwò: Ẹni tó jẹ gbèsè jù ńkọ́, ó san án?

Ìjẹ̀ṣà Kan: Ìlà 11 ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wò ó. Bàbá ti lọ, òun náà ti lọ.

Ọmọ Láàgéré: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò ilẹ̀kùn yẹn hàn mí.

Ìjẹ̀ṣà Kan: Àbúrò bàbá mi ti fi ọ̀dà kùn ún ní Kérésì. Ẹ má jẹ́ n sunkún.

Tísà Àgbà: Ṣé ẹ rò pé òní ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀ ni? Àrokò ńkọ́? Owó ẹyọ 6 lórí okùn, ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sóun. Bó bá jẹ́ 8, wọ́n ti jọ gbà nìyẹn. Iye ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnuwá: Mi ò gbà sà. À ń fi àrokò bo ọ̀rọ̀ ni, kí ẹni tó gbé e dání má baà mọ̀. Infographic, kí gbogbo ayé lè mọ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Tísà Àgbà: Òjò tìrẹ tó o yà yẹn, ṣé ó yé Ìyá Ruka?

Ìyá Ruka: Kò yé mi.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnuwá: Ẹ ti pa mí.

Abọ̀dé: Ẹ wo ti W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé èèyàn dúdú ará Amẹ́ríkà. Fún ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1900, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Atlanta fọwọ́ ya nǹkan bí 60 àwòrán nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà. Kò sí kọ̀ǹpútà o! Ìlà pupa kan wà níbẹ̀ tó gùn ju ìwé lọ, wọ́n bá ká a jọ bí ìkarahun ìgbín. Ibẹ̀ ni mo ti jí tèmi.

Kòsíná: Ó jẹ́wọ́!

Dàda Atẹ̀wé: Àwa tá à ń tẹ̀ ẹ́ fún yín la mọ ohun tójú ń rí. Àwọ̀ tó ń dán lórí fóònù, á ṣú lórí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe tiẹ̀, yíǹkì ni tiwa. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò ná. Wọn ò ní gbọ́, wọ́n á ní mo ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Ẹnì kan gbé róbótó kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gé e bí ẹni gé iṣu. Mo bá a ṣírò ẹ̀: 118 nínú 100. Mo ní ta ni yóò jẹ 18 yẹn?

Kòsíná: Èló lẹ ń tẹ A3 aláwọ̀?

Dàda Atẹ̀wé: Wá ká sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Láàgéré: Ẹ ṣeun o, mo ti rí i! Ìyá olóúnjẹ wa ní páálí kan tí wọ́n fi há ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo àwa tá à ń jẹ àwìn la wà níbẹ̀, ìlà lọ́tùn-ún, ìlà lósì. Iṣẹ́ mi gan-an rèé! Mo ní kí wọ́n jẹ́ n yà á ní fọ́tò. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san tèmi.

Ìjẹ̀ṣà Kan: Ìlà mélòó ni tìrẹ?

Ọmọ Láàgéré: 9.

Kòsíná: Màmá, ẹ lóṣòó tì í!