Ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, LH mi (họ́móònù tó ń pàṣẹ fún kóró ẹpọ̀n) ṣì wà ní 0.6. Ṣé kóró ẹpọ̀n mi ti kú ni?

ỌmọṢómólú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ohun tí mo ṣe ti ṣẹlẹ̀ ná, ọ̀nà àbáyọ ni mò ń wá.

Ọmọ ọdún 31 ni mí. Ó ti tó ọdún 6 tí mo ti ń gbé irin ní jíìmù kan ní Ṣómólú. Sátidé 17 oṣù kejì 2024 ni mo gba abẹ́rẹ́ testosterone enanthate (họ́móònù ọkùnrin) àkọ́kọ́, 500 mg lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gún mi fi Deca (nandrolone, steroid mìíràn tí wọ́n fi ń kọ́ iṣan) kún un. 4 oṣù karùn-ún ni mo gba èyí tó kẹ́yìn. Mi ò ṣe àyẹ̀wò kankan kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mi ò mọ iye tó wà lára mi tẹ́lẹ̀.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn ni ara mi ti yí padà. Mò ń sùn, ara mi ò sinmi. Irin tí mo máa ń gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí mo bá ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin, ó parí. Obìnrin kì í wá sí mi lọ́kàn mọ́, kóró ẹpọ̀n mi sì ti kéré sí ti àtijọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ dánfó láti Yábàá, omi ń bọ́ lójú mi títí mo fi sọ̀, mi ò sì lè sọ ohun tó fà á.

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní 8 oṣù kẹfà. Ohun tó wà nínú ìwé nìyí, mo fi iye tí wọ́n pè ní dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

Testosterone: 1.4 ng/mL (2.6 sí 9.2)
LH: 0.6 (1.7 sí 8.6)
FSH, họ́móònù tó ń pàṣẹ fún àtọ̀: 0.9 (1.5 sí 12.4)
PCV, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó: 53
ALT 71, AST 88 (wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀). Wọ́n fi àmì pupa sí méjèèjì.

Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ládùúgbò wa wo ìwé náà, ó ní kóró ẹpọ̀n mi ti kú, pé abẹ́rẹ́ ni màá máa gbà títí ayé. Ọ̀rẹ́ mi náà ní kí n padà sórí abẹ́rẹ́ kí ojú mi lè là. Oṣù kejìlá ni ìgbéyàwó wa, mi ò sì tíì sọ fún afẹ́sọ́nà mi. Ṣé kí n tún àyẹ̀wò ṣe báyìí ni, àbí kí n dúró? Kí ni kí n ní kí wọ́n wò?

ÌyáLáàbù_Ìbàdàn

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 19 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ láàbù. Ìwé tí o kọ síbí yìí kò sọ pé kóró ẹpọ̀n rẹ kú. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ló bàjẹ́, LH àti FSH ì bá ti gòkè fíofío, nítorí ara á máa pariwo mọ́ ọn pé kó ṣiṣẹ́. Tìrẹ wà nílẹ̀. Ẹni tó yẹ kó pàṣẹ ló dákẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn.

Dá mi lóhùn ná. Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ? Ṣé o ti jẹun? Ṣé o gbé irin lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ò ń lo fítámì irun tàbí ti èékánná?

ỌmọṢómólú

Ẹ ṣé gan-an mà. Aago 2 ọ̀sán ni. Mo ti jẹ àmàlà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ẹsẹ̀ ní jíìmù. Fítámì irun, bẹ́ẹ̀ ni mà. Irun mi ń já nígbà tí mo wà lórí abẹ́rẹ́, afẹ́sọ́nà mi ló rà á fún mi. Biotin 10,000 mcg ni wọ́n kọ sí i lára.

ÌyáLáàbù_Ìbàdàn

Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn họ́móònù ló jẹ́ pé biotin wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí biotin bá wá kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a ń wò, ẹ̀rọ á ṣìṣe. Á ka LH àti FSH sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe jẹ́ lọ, á sì ka testosterone sókè. Àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ o kò mọ èyí tí wọ́n lò fún ọ. Bó o bá máa padà lọ, dá fítámì yẹn dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí o sì sọ fún ẹni tó máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ pé ò ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Testosterone máa ń ga láàárọ̀, ó ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, oúnjẹ náà sì máa ń fà á sílẹ̀. Aago 7 sí 10 àárọ̀ ni kí wọ́n fa á, má fẹnu kan nǹkan kan àyàfi omi. Bó bá bọ́ sílẹ̀, tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kó o tó gbà á gbọ́. Láàbù kan náà ni kó o padà sí, kó má di pé ẹ̀rọ méjì ló ń bá ara wọn jiyàn.

ALT àti AST tí wọ́n fi pupa sí yẹn, má tíì fi sunkún ẹ̀dọ̀. Inú iṣan náà ni wọ́n ti ń wá, AST pàápàá. Ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án! Sinmi jíìmù fún ọjọ́ 4 tàbí 5, kí o sì ní kí wọ́n fi CK (ti iṣan) àti GGT (ti ẹ̀dọ̀) kún un. Bí CK bá ga tí GGT sì wà nípò rẹ̀, iṣan ló ń sọ̀rọ̀.

PCV 53 ló ká mi lára jù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ki. Ìlànà àwọn dókítà họ́móònù ní Amẹ́ríkà ni pé bó bá ti kọjá 54, kí wọ́n dá testosterone dúró fún ẹni tó ń gbà á. Ìwọ ti dúró, nítorí náà á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

BàbáÌbejì_Peckham

Àbúrò, inú bọ́ọ̀sì 36 ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo wà nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mo ti máa sọ̀. Mo ti wà níbi tí o wà yẹn, ní 2016, èmi náà ti sunkún nínú ọkọ̀.

Ohun kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pituitary. Òun ló ń rán LH sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣe testosterone, tó sì ń rán FSH nítorí àtọ̀. Bí testosterone bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ ara ló ṣe é, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́, á dákẹ́. Ilé tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún láti ìta lójoojúmọ́, ta ni yóò dáná níbẹ̀? Ààrò á tutù. Bí oúnjẹ ìta bá wá dúró lójijì, igi ti rin, iná kò ní ràn lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé LH ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo testosterone.

Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ 2 péré lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni mo kọ́kọ́ ṣe tèmi. Testosterone mi jẹ́ 38 nmol/L. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta pé Ọlọ́run ti ṣe é, ara mi ti padà. Oògùn tó ṣẹ́kù ni mo wọ̀n! Enanthate máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, lẹ́yìn náà ìdajì èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ó ti di 2.1, LH kò tó 0.2. (nmol/L ni wọ́n ń lò níbí. Tìrẹ, 1.4 ng/mL, tó nǹkan bí 4.9 lọ́dọ̀ wa. Má fi òṣùwọ̀n méjì wé ara wọn láìṣírò.)

Ẹ̀rù bà mí, mo lọ ra hCG lọ́wọ́ ẹnì kan ní jíìmù. Oṣù kan lẹ́yìn náà, testosterone 17. Mo tún yọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà họ́móònù tí GP mi (dókítà àdúgbò) rán mi sí, ó fi ìka sí LH lórí ìwé. Kò tíì kúrò ní 0.2. Ó ṣàlàyé fún mi pé hCG ń ṣe bí LH ni, ó ń lọ bá kóró ẹpọ̀n tààrà. Ìwé yẹn fi hàn pé kóró ẹpọ̀n mi lè ṣiṣẹ́, èyí sì dùn mọ́ mi, àmọ́ kò fi hàn pé pituitary ti jí. Bákan náà ni ẹni tó bá ń lo clomiphene tàbí tamoxifen: oògùn ló ń ti LH sókè. Ìgbà tó bá ti dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àyẹ̀wò lè sọ òtítọ́.

Mo dá gbogbo rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn oṣù 3, LH 1.4, testosterone 7.9. Lẹ́yìn oṣù 6, LH 3.8, testosterone 13.6. Mo ní ìwé náà títí di òní, nínú Bíbélì mi.

Nípa tìrẹ: Deca ló ń fa ẹ́ sẹ́yìn. Ó máa ń pẹ́ nínú ara ju enanthate lọ dáadáa. Àwọn eléré ìdárayá mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n lè rí ìyókù rẹ̀ nínú ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rọ mìíràn sì lè ka díẹ̀ nínú rẹ̀ bí testosterone. Ní ọ̀sẹ̀ 5, o kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ rárá lójú tèmi. Dúró di ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn ìparí oṣù keje. Fi SHBG (èròjà tó ń gbé testosterone kiri nínú ẹ̀jẹ̀) kún un, nítorí steroid máa ń fà á wálẹ̀, bó bá sì wà nílẹ̀, àpapọ̀ testosterone á dà bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Fi estradiol (họ́móònù obìnrin) àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kún un, wo HDL (ọ̀rá tó dára) dáadáa.

Àtọ̀ ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ lè dára kí àtọ̀ rẹ má tíì dára. Ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí ara tó ṣe ẹyọ àtọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó jáde ní 1990, 200 mg testosterone enanthate lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún àwọn ọkùnrin 271, gẹ́gẹ́ bí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. 157 nínú wọn dé ibi tí a kò rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àtọ̀ wọn. 200! Ìwọ gba 500, pẹ̀lú Deca. Àmọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá dúró, ọ̀pọ̀ láàárín ọdún kan, àwọn mìíràn títí dé ọdún 2. Òdo ni tèmi lákọ̀ọ́kọ́. Ní oṣù 11, ó di mílíọ̀nù 9 nínú mílílítà kan. Taiwo àti Kẹ́hìndé ti ń lọ síléèwé báyìí.

Sọ fún ọmọbìnrin yẹn. Èmi kò sọ fún ìyàwó mi fún oṣù 5, ó rò pé mo ní ẹlòmíràn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Bọ̀ọ̀dá Ṣómólú, èmi kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 7 mi, mi ò lè fara dà á mọ́, mo padà sórí abẹ́rẹ́. Ọdún 4 sẹ́yìn nìyẹn. Mo ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dúró, inú ihò kan náà ni mò ń padà sí, ó sì ń jìn sí i. A ò tíì bímọ. Bí ìbànújẹ́ yẹn bá ti fẹ́ ki ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ọkàn rẹ bá ń sọ pé kó o pa ara rẹ lára, má dúró de ọ̀sẹ̀ 12, lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Má gbà kí ọ̀rẹ́ yẹn gún ọ.

ỌmọṢómólú

Ẹ̀yin àgbà mi, mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi.

Mọ́ńdè 29 oṣù keje ni mo lọ, aago 7:40 àárọ̀, láìjẹun, láàbù kan náà. Mo ti dá biotin dúró láti ọjọ́ 12 ṣáájú, mi ò sì fọwọ́ kan irin fún ọjọ́ 5. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi jẹ́ 148/92 ní oṣù kẹfà. Dókítà tí mo wá rí ní ilé ìwòsàn ìjọba ti ń tọ́jú ìyẹn, ó ti di 134/84.

Testosterone: 2.9 ng/mL
LH: 2.6
FSH: 3.1
SHBG: 16, wọ́n ní ó ṣì kéré
PCV: 48
ALT 33, AST 29, CK àti GGT dára
HDL: 31 mg/dL, ó kéré
Àtọ̀: mílíọ̀nù 2 nínú mílílítà kan. 16 ni ìwé pè ní ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí mo rí 2.6 yẹn, mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù, mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ní kò sí oògùn tí òun máa kọ fún mi báyìí, nítorí ó ń gòkè fúnra rẹ̀.

Mo ti sọ fún afẹ́sọ́nà mi. Mo gbé ìwé méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ti oṣù kẹfà àti ti oṣù keje, mo ṣàlàyé LH fún un bí Bàbá Ìbejì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ààrò àti igi. Ó bínú fún ọjọ́ 2. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo tún máa lọ, òun náà fẹ́ wà níbẹ̀. Mọ́ńdè 28 oṣù kẹwàá ni. Ó ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà ní kíṣìnnì ìyá rẹ̀, aago 7 àárọ̀, kò kọ ohun tí a ń lọ ṣe.