Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé wá sí ilé-ìwé yín: kí lojú yín rí?

Tísà kíláàsì kẹta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ìtàn kan lẹ́nu, mo sì fẹ́ kí ẹ fi tiyín kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òǹkọ̀wé ìwé ọmọdé ti wá kí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Tí mo bá rántí ti àkọ́kọ́, ojú ṣì máa ń tì mí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àlejò dé ni wọ́n tó sọ fún wa. Kò sẹ́ni tó ti ka ìwé ọkùnrin náà, èmi tísà gan-an ò kà á. A ṣáà kó àwọn ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn, a ní kí wọ́n panu mọ́. Ọkùnrin náà gbìyànjú o, ó sọ̀rọ̀, ó dápàárá. Ó wá ní kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè. Ọwọ́ nà sókè. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín, sà?" "Ṣé ẹ lówó gan-an, sà?" "Ṣé ẹ ní ajá?" Ọ̀kan tiẹ̀ bi í pé ìgbà wo ló máa lọ. Ń ṣe ló dà bíi kí ilẹ̀ là kí n kó sí i.

Ìkejì yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ka ìwé obìnrin tó ń bọ̀, ìwé àwòrán kan nípa ọmọbìnrin tí àgbò rẹ̀ sọnù. Kí ọjọ́ tó pé, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n lórí débi pé bí mo bá fo ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, wọ́n á ní kí n padà lọ gbé e. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà náà tí kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá ń pe orúkọ láàárọ̀, orí ló fi máa ń dáhùn. Òun ló dìde. Ó gbé ìwé náà dání, ó ki ìka bọ àárín rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní ojú-ewé kẹsàn-án, bàtà rẹ̀ pupa. Ní ojú-ewé kẹrìnlá, ó ti di búlúù. Kò sì délé láàárín."

Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa wojú mi bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ. Màmá yẹn gba ìwé náà, wọ́n wo ojú-ewé kẹsàn-án, wọ́n wo ìkẹrìnlá, wọ́n tún padà sẹ́yìn. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde, àtòun, àtolóòtú, àtayàwòrán, kò sẹ́ni tó rí i.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá dùn. Wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn ya àwòrán, àwọn ò tiẹ̀ tíì fojú kan ẹni tó yà á rí. Àwọn ọmọ ò gbà. Wọ́n ṣàlàyé pé lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde ló máa ń wá ayàwòrán fúnra rẹ̀, olóòtú á sì wà láàárín àwọn méjèèjì bí alárinà. "Ẹ ò wá mọ bí àgbò yẹn ṣe máa rí?" ni ọ̀kan bi wọ́n. Wọ́n ní rárá, ọjọ́ tí àwòrán dé làwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, pé àgbò tó wà lọ́kàn àwọn kò tiẹ̀ níwo.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa fáìlì kan yọ nínú báàgì. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni, gbogbo ara rẹ̀ kún fún bírò pupa, ọfà lọ sókè, ọfà lọ sísàlẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kọ ọ́. Àwọn ọmọ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kàn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì mi, ọmọkùnrin kan wà tó máa ń fa ìwé ya bó bá ti ṣi lẹ́tà kan kọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àròkọ rẹ̀ wá bá mi, ó ti fagi lé ìdajì rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn: "Tísà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tún un kọ!" Kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n mo fún un ní máàkì.

Ó kàn yín o.

Òǹkọ̀wé kan (ẹ má bi mí lórúkọ)

Tísà, ẹ ṣeun. Èmi náà kì í fi fáìlì ìdọ̀tí tèmi sílẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lójú àwa tó ń dúró níwájú.

Tí mo bá wọ kíláàsì, pépà ńlá kan ni mo kọ́kọ́ ń mú jáde. Mo máa ń ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, mo tún ṣẹ́ ẹ, mo tún ṣẹ́ ẹ. Mo á ní kí wọ́n sọ iye ojú-ewé tó máa wà níbẹ̀ tí mo bá gé etí rẹ̀. Wọ́n á ní mẹ́fà, wọ́n á ní mẹ́jọ, ẹnì kan á ṣáà pariwo pé ọgọ́rùn-ún. Ewé mẹ́jọ ni, tojú tẹ̀yìn, ojú-ewé 16. Irú rẹ̀ méjì ló di 32. Ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán ọmọdé fi jẹ́ ojú-ewé 32. Bí pépà ṣe ń ṣẹ́ po nílé ìtẹ̀wé ló pàṣẹ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Tí ẹ bá tún yọ ojú-ewé àkọlé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò, èyí tó kù fún ìtàn ò pọ̀. Ọmọ kan bi mí pé, "Tí ìtàn bá wá gùn jù ńkọ́?" Mo ní mo máa gé e. "Ṣé kì í dùn yín?" Mo ní ó máa ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Títí dòní, kò sí olóòtú tó kí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Nǹkan kejì tí wọ́n fẹ́ràn ni bí a ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ sẹ́yìn ewé. Mo á ka, "Ó gbọ́ tí nǹkan kan ń ha ilẹ̀kùn. Ó ṣí i díẹ̀díẹ̀..." Mo á dákẹ́, mo á di etí ewé náà mú, mi ò ní ṣí i. Ariwo tó máa sọ ńkọ́! Mo á wá bi wọ́n pé kí ló dé tí mi ò fi ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sí ojú-ewé kan náà. Kò tíì sí kíláàsì kan tí ẹnì kan ò ti dá a lóhùn.

Àmọ́ gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dùn. Wọ́n ti kó ọ̀ọ́dúnrún ọmọ jọ fún mi rí, látorí jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹfà, nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Gbohùngbohùn kú ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Àwọn àgbà inú wọn ní ìtàn náà ti ọmọ kékeré ni, àwọn kékeré ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀kan sùn lọ, ó gbé orí lé bàtà mi, mi ò sì lè yí ẹsẹ̀ mọ́ títí mo fi parí. Àwọn tísà jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń máàkì ìwé. Ẹ̀yin tísà, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wojú yín. Bí ẹ̀yin ò bá gbọ́ mi, àwọn náà ò ní gbọ́ mi. Kíláàsì méjì pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan. Fún àwọn kékeré, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti tó.

Ìyá ọmọ méjì

Tèmi ò dùn bíi tiyín. Ilé-ìwé ọmọ mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé òǹkọ̀wé kan ń bọ̀, kí òbí tó bá fẹ́ ìwé rẹ̀ fowó ránṣẹ́. Oṣù yẹn le, mi ò fi ránṣẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé tí ọ̀rọ̀ bá parí, àwọn tó ra ìwé ló máa tò síbi kan kí wọ́n lè buwọ́ lùwé fún wọn, àwọn tí ò rà á máa padà sí kíláàsì. Ọmọ mi padà sí kíláàsì. Kò sunkún, ó kàn ní òun ò fẹ́ràn ìtàn yẹn mọ́, ọmọ tó ti ń ka ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan!

Ẹni tí mo fẹ́ yìn ni òǹkọ̀wé náà. Bó ṣe ń lọ síbi ọkọ̀, ó bi wọ́n pé ṣé àwọn ọmọ tó kù dà. Ó yà sí kíláàsì wọn, ó ya pépà láti inú ìwé tirẹ̀, ó ní kí kálukú sọ ohun kan nípa ara rẹ̀. Ti ọmọ mi kà báyìí: "Sí ẹni tí eyín rẹ̀ méjì ń mì lọ́wọ́ kan náà." Eyín ọ̀hún ti hù padà tipẹ́. Pépà yẹn ṣì wà lára ògiri.

Tísà kíláàsì kẹta

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí àwa náà ti ṣe é rí láìro nǹkan kan. Ní báyìí, ìsàmì ojú-ewé là ń bẹ òǹkọ̀wé pé kó buwọ́ lù fún gbogbo ọmọ, a ó wá fi ẹ̀dà méjì sí yàrá ìkàwé. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rà á níbòmíràn.

Alábòójútó yàrá ìkàwé

Èmi ni mo máa ń ṣètò irú ìbẹ̀wò yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sórí pépà kékeré kí ẹ fi sínú ìwé rẹ̀ kó tó dé iwájú òǹkọ̀wé. Ariwo ti jẹ́ kí ẹnì kan kọ orúkọ ọmọ mìíràn sínú ìwé lójú mi rí, bírò ò sì ṣeé pa rẹ́. Ẹkún ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ọjọ́ kejì oṣù yẹn ni Ọjọ́ Ìwé Ọmọdé Lágbàáyé, ọjọ́ ìbí Hans Christian Andersen, òǹkọ̀wé ìtàn ọmọdé ará Denmark. IBBY, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ìwé ọmọdé, ló ti ń ṣe é láti 1967. Ọjọ́ kẹtàlélógún rẹ̀ ni ọjọ́ ìwé tí UNESCO dá sílẹ̀ ní 1995. Gbogbo ilé-ìwé ló ń sáré lé òǹkọ̀wé kan náà nígbà yẹn. Ẹ pè é ní oṣù kẹwàá, ẹ ó rí bí ara rẹ̀ ṣe máa balẹ̀ tó.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: ọmọ kíláàsì karùn-ún kan mú ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun ìwé kan náà wá, ó bi òǹkọ̀wé pé kí ló dé tí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ti àtijọ́ fi jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá tí ti tuntun sì jẹ́ ẹyọ mẹ́tàlá. Ọkùnrin náà yí ìwé rẹ̀ padà, ó wò ó bí ẹni pé òun kọ́ ló kọ ọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀." Èmi ni mo gbà á sílẹ̀: ISBN ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, 2007 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ mẹ́tàlá. Ọmọ yẹn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. "Mi ò mọ̀" yẹn ló ń sọ kiri fún ọjọ́ bíi mélòó kan, pé ẹni tó kọ ìwé ò mọ̀ ọ́n!

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bíi pé gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀kan wá sọ́dọ̀ wa tó fi ìdajì wákàtí ka àmì-ẹ̀yẹ tó ti gbà fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní 2020 tí gbogbo wa ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ológbò òǹkọ̀wé kan gun orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jókòó síwájú kámẹ́rà. Ẹ bi àwọn ọmọ yẹn lónìí, ológbò ni wọ́n máa sọ fún yín.

Ẹni tí ò tíì sọ̀rọ̀ níbí rí

Akólòlò ni mí. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí òǹkọ̀wé kan wá. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ há. Mo mọ irú rẹ̀. Mo tẹ orí ba, mo ń dúró de ẹ̀rín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Kò yára, kò bínú, ó dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde, ó bọ́ sórí èkejì. Nígbà tó ń ka ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pàápàá, ó há ní ibi mẹ́rin. Mo kà á.

Mi ò béèrè nǹkan kan. Mi ò rántí àkọlé ìwé náà, mi ò sì di òǹkọ̀wé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, mo nawọ́ sókè ní kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìyá ọmọ méjì

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n padà tún bàtà yẹn ṣe?

Tísà kíláàsì kẹta

Wọ́n tún un ṣe! Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, Màmá fi ẹ̀dà tuntun kan ránṣẹ́, wọ́n buwọ́ lù ú ní orúkọ ọmọ náà. Bàtà ti pupa ní ojú-ewé méjèèjì. Ọmọ yẹn ti wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà. Ó ṣí kẹsàn-án, ó ṣí kẹrìnlá, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, "Tísà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé mo rí i." Ó dá tuntun náà padà sọ́wọ́ mi, ó ní ṣé òun lè mú èyí tó ti gbó lọ.