Ọmọ mi ní òun ò padà sí yunifásítì ìjọ mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bọ̀dé:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, ó ti sú mi ni. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì ìjọ kan. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà torí a ní ẹbí nínú ìjọ ọ̀hún, mi ò sì fẹ́ ìjà. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti wọlé ni wọn ò ti jẹ́ kó mí. Aago márùn-ún ìdájí, ẹ dìde, ó di ṣápẹ́ẹ̀lì. Bó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó jalè. Síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orúnkún, mátírọ́ọ̀nù ní ó kúrú. Télọ̀ mi ní Òkè-Àró ló rán síkẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi ni mo dúró tì í nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, mo mọ ibi tó dé. Fóònù rẹ̀, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e fún odidi sẹ̀mẹ́sítà kan. Kó tó lè jáde ní géètì, ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Oúnjẹ wọn ńkọ́? Wọ́n gé ẹja tín-ín-rín débi pé bí ẹ bá gbé e sókè, ẹ ó máa rí ẹni tó jókòó níwájú yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà mi kan pè mí, ó ní òun rí ọmọ mi ní Road Block pẹ̀lú mátíràsì. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi wà níléèwé. Kí n tó délé, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìborùn rẹ̀ ló fi di mátíràsì náà, ó ta á ní kókó méjì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì tú u. Ó gbé e ti ògiri pálọ̀, ibẹ̀ ló wà. Tí mo bá ní kó tú u, á ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀." Ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Bàbá rẹ̀ ló yan ilé-ìwé yẹn. Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé. Ó ní nítorí ohun tí ojú Bọ̀dé rí ní yunifásítì ìjọba, ọmọ òun kankan ò tún ní jókòó sílé torí ìyanṣẹ́lódì.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò, kó tún JAMB, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, ṣe, kó wá sí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, kó máa tilé lọ? Àbí owó wa nìkan ni àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí fẹ́?

Ọmọ Olóyèmẹkùn:
Mà, ẹ rọra o. Ẹ bi mí nípa ìyanṣẹ́lódì. Àbúrò mi wà ní FUTA lọ́dún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù kẹwàá ni wọ́n wọlé, oṣù mẹ́jọ gbáko. Kí wọ́n tó wọlé, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe nítòsí South Gate. Owó ti ń wọlé fún un. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n padà, ara rẹ̀ ló wà ní kíláàsì, ọkàn rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Títí dòní kò tíì parí. Wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó sílé lọ́dún 2020 náà o, láti oṣù kẹta títí di Kérésì. Bàbá Bọ̀dé ò parọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ìyá Bọ̀dé, kí ni ọmọ ń kọ́, level mélòó ló sì wà? A ò lè dáhùn láìmọ èyí.

Àǹtí Alágbàká:
Ẹ má bínú sí mi o, àwa ìyá la ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́. Kí ló wà nínú kéèyàn jí ní aago márùn-ún? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aago mẹ́rin ni a ti ń pọnmi. Ọmọ ní síkẹ́ẹ̀tì, ìyá náà ń pariwo síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin lẹ gba ìwé òfin wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìyá Bọ̀dé:
Àǹtí Alágbàká, ẹ kú àmójútó ọmọ yín. Èmi ò ba ọmọ jẹ́. Ọmọ yìí ń bá mi ta ọjà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọ ò gbọ́dọ̀ máa fìyà jẹ ọmọ, kó sì tún máa gba owó.

Bàbá Ìṣíńkàn:
Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ìjọ ló dá Aquinas College sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Ìjọ ló dá Fíwàṣàyé sílẹ̀. Ṣé bàbá wa ta ilẹ̀ kí a tó lọ? Ẹ̀sìn ló gbé wọn dé ibẹ̀, kì í ṣe òwò. Lónìí, ọmọ ìjọ ń dá owó kọ́ yunifásítì lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọ rẹ̀ ò lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kò lè yé mi.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Bàbá, ẹ má fi sẹ́kọ́ńdìrì wé yunifásítì. Ìjọba ń fún FUTA lówó, TETFund, àjọ ìjọba tó ń ran ilé-ìwé gíga ìjọba lọ́wọ́, ń kọ́ ilé fún wọn. Yunifásítì ìjọ ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Owó oṣù olùkọ́, dísẹ́ẹ̀lì, omi, gbogbo rẹ̀ wà lórí owó ilé-ìwé. Èmi jáde ní ọ̀kan nínú wọn. Mo kórìíra ṣápẹ́ẹ̀lì yẹn bí mo ṣe kórìíra ìgbẹ́. Mo ti sùn níbẹ̀ lójú ṣíṣí, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni wọ́n sọ fún mi, ọdún mẹ́rin náà ni mo lò. 2014 ni mo wọlé, 2018 ni mo jáde. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó lọ ti ìjọba la jọ wọlé, mo ti sin ilẹ̀ bàbá wa tán kí òun tó kọ pírójẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Ìṣíńkàn:
Ìwọ rí i san. Ẹni tí kò rí i san ńkọ́? Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ọmọ, ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ tálákà tó bá ti wọ ti ìjọ, ó dá wà.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ta ló fipá mú un wọ̀ ọ́?

Alábòójútó:
Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí la wà lórí rẹ̀ o.

Màmá Gẹ̀lẹ̀dẹ́:
Ẹ gbàdúrà lé ọmọ lórí. Ẹ̀mí àìfẹ́-ìwé wà káàkiri.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Mo tún ń bi yín, Ìyá Bọ̀dé. Kí ló ń kọ́? Level mélòó?

Ìyá Bọ̀dé:
Ẹ má bínú sà, mo wà ní ọjà. Law ló ń ṣe.

Ọmọ Olóyèmẹkùn:
Law kẹ̀? Mà, FUTA ò ní Law o! Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún lọ́dún 1981. Ibo lẹ fẹ́ kó gbé e gbà?

Ìyá Bọ̀dé:
Mo mọ̀. Mo ní kó lè ṣe nǹkan mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń di lọ́yà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Level wo?

Ìyá Bọ̀dé:
400.

Àǹtí Alágbàká:
Ha! Ọdún kan péré ló kù lẹ́yìn ọdún yìí, ẹ ń bi wá bóyá kó tún JAMB ṣe?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn. Ìyá Bọ̀dé, ẹ jókòó kí ẹ fetí sí mi. Law, ọdún márùn-ún ni. Bó bá tún JAMB ṣe, 100 level ló ń padà sí, gbogbo ọdún tó ti lò di omi. Bó bá ní kí òun gbé ìwé òun lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Akùngbá, tí wọ́n ń kọ́ Law níbẹ̀, àfi kí ilé-ìwé tó wà fi àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ (transcript) ránṣẹ́, kí JAMB sì fọwọ́ sí i. Wọn kì í sì gba ẹni tó ti fẹ́ẹ̀ parí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń dá ọmọ padà sí. Lẹ́yìn yunifásítì ṣì tún ni Law School, tí èèyàn gbọ́dọ̀ lọ kó tó di lọ́yà, iye ọmọ tí wọ́n ń gbà láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ síbẹ̀ sì níye. Ẹni tó bá fò kúrò lórí ìlà ò mọ ìgbà tó máa tún dé iwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọmọ padà.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹ dá a padà, mà. Ẹ̀kọ́ ń tán, ṣápẹ́ẹ̀lì náà á tán.

Màmá Gẹ̀lẹ̀dẹ́:
Ẹ dá a padà, kí ẹ sì gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì Tìtì:
Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu. Mà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ tó jáde ní géètì. Ọmọ yín gbé odidi mátíràsì kọjá ní géètì yẹn. Àárín sẹ̀mẹ́sítà la wà. Èmi náà kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé-ìwé ìjọ, bí wọ́n bá rí ọ tí ò ń gbé pírọ́ọ̀ jáde, wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́wàá. Ṣé kì í ṣe pé àwọn ló ní kó gbé e? Kí ni ìwé tí wọ́n fún un wí?

Ọmọ Olóyèmẹkùn:
Sísítà, ẹ ti rí nǹkan.

Alábòójútó:
Ìyá Bọ̀dé, ẹ ṣì wà níbí?

Alábòójútó:
Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin náà sílẹ̀ kó sinmi. Tó bá ṣe tán, á fọhùn.

Ìyá Bọ̀dé:
Ẹ kú òru. Mi ò rí oorun sùn.

Ìwé wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣápẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni. A ò tíì san owó ilé-ìwé ọdún yìí.

Ọkọ mi fi owó náà ránṣẹ́ sí mi nínú oṣù kẹsàn-án. Ó pé, kò jẹ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo fi ra kòkó. Gbogbo yín lẹ mọ bí kòkó ṣe rí lọ́dún 2024, ẹni tó ní àpò mẹ́ta ń rìn bí ọba. Obìnrin kan tí a jọ wà lọ́jà fi èrè rẹ̀ ra ilẹ̀ sí Ọ̀bà-Ilé. Mo ní kí n rà á ní àkókò ìkórè, á tún gbéra bí Kérésì bá ń bọ̀, màá san owó ilé-ìwé, èrè á sì kù sí mi lọ́wọ́. Kò gbéra. Ó ń wálẹ̀ ni. Mo ní kí n dúró díẹ̀ sí i, ó tún wálẹ̀.

Ọmọ ò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò kékeré kan, wọ́n ka orúkọ àwọn tí ò tíì san owó, wọ́n ní kí wọ́n dìde. Òun pẹ̀lú àwọn mẹ́rin. Ó ní òun rò pé wọ́n ṣàṣìṣe, torí Dádì ti sọ fún òun lórí fóònù pé òun ti san. Ó lọ jiyàn ní ọ́fíìsì bọ́sà. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ìdí tó fi ní òun ò padà nìyẹn. Ojú tì í.

Nǹkan tó ń dùn mí jù, bí bàbá rẹ̀ bá pè ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó máa ń gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí bàbá rẹ̀ má bàa gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n wa. Á ní, "Dádì, mo wà ní họ́sítẹ̀lì, mò ń kàwé." Mi ò ní kó parọ́. Òun ló ń ṣe é fún mi.

Àǹtí Alágbàká:
Ẹ̀yin lẹ wá ń bú mátírọ́ọ̀nù látàná!

Bàbá Ìṣíńkàn:
Obìnrin yìí ti sọ òótọ́, ẹ má tún gún un lọ́bẹ. Ta ni nínú wa tí kì í tẹ̀ sí ibi tí owó wà?

Àǹtí Alágbàká:
Èmi kọ́. Owó ọmọ kọ́.

Nọ́ọ̀sì Tìtì:
Mà, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ẹ lọ bá bọ́sà fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Ẹ mú ohun tí ẹ bá ní dání, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa san ìyókù sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà bí òbí bá yọjú. Ṣùgbọ́n ẹ yára, torí bí ìdánwò bá bá a nílé, ọdún kan ti lọ nìyẹn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Kí ẹ sì sọ fún bàbá rẹ̀ kó tó gbọ́ níta. Ọmọ ò yẹ kó ru ẹrù yẹn.

Ìyá Bọ̀dé:
Bàbá rẹ̀ á lé mi jáde. Ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Kò ní lé yín. Á bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ìyá Bọ̀dé:
Mo gbọ́. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín mọ ẹni tó ń ra kòkó tí kò ní rẹ́ mi jẹ? Ẹni tó wá lánàá, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò dá mi lójú.

Oníkòkó Ìdànrè:
Mà, èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ má retí pé yóò padà sí bó ṣe wà. Ìparí 2024 ni ó ju $12,000 lọ lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, láti 2025 ló ti ń já. Ẹni tó ń sọ fún yín pé kí ẹ dúró, tirẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ tà. Àpò mélòó ni?

Ìyá Bọ̀dé:
Àpò mẹ́fà.

Oníkòkó Ìdànrè:
Kílò 64 ni kí ẹ retí nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Ṣé orí sìmẹ́ǹtì ló wà àbí orí pákó?

Ìyá Bọ̀dé:
Orí sìmẹ́ǹtì.

Oníkòkó Ìdànrè:
Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò tó wà nísàlẹ̀ jù, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi.

Ìyá Bọ̀dé:
Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ọmọ mi ni. Òun ló ní òun á bá mi gbé e.

Ìyá Bọ̀dé:
Ó gbẹ. Kò rùn. Àpò kan ló ní omi díẹ̀ nídìí.

Oníkòkó Ìdànrè:
Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ sá a. Mò ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú òṣùwọ̀n tèmi, kí ẹ ya tiyín náà wá.