Ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi já sí

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mo béèrè bóyá Ogun Àdùbí, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá fi kọjú ìjà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1918, ni kí n fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ aṣekágbá mi nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, tàbí ìwọ́de àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ogun Àdùbí ni mo mú.

Ẹni tí ó dá mi lóhùn nínú yín pé kí n má bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọjọ́ tí àwọn ajagun Ẹ̀gbá hú irin rélùwéè ni ó là mí lójú. Mo padà sí àdéhùn ọdún 1893, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró, tí wọ́n sì fagi lé ní ọdún 1914. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé owó orí nìkan kọ́ ni ó bí àwọn ará oko nínú, nítorí iṣẹ́ ojú ọ̀nà tí ìjọba ń fi ipá mú wọn ṣe náà wà níbẹ̀.

Alábòójútó mi dá orí kejì padà, ó sì fi bíírò pupa yí “ọ̀tẹ̀” ká ní ibi mọ́kànlá. Ó béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ pe ogun náà bẹ́ẹ̀. Inú fáìlì àwọn òyìnbó amúnisìn ni mo ti kó ọ̀rọ̀ náà, n kò tilẹ̀ fura! Mo tún un kọ, ó sì gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Mo pa ìbéèrè náà dé báyìí.