Owó orí fóònù: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Aláṣọ Àjàṣẹ́:
Ọjà Ọ̀wándò ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mò ń ta aṣọ sí. Àwọn kan rò pé ọ̀làjú ló jẹ́ ká máa gba MoMo, owó orí fóònù ti MTN. Irọ́ ni o, ṣẹ́ńjì ló lé wa débẹ̀. Oníbàárà á ra ọjà 1,300 sẹ́fà, á na 10,000 sí ẹ láàárọ̀ kùtù, wàá wá máa gbé e káàkiri ìsọ̀ bí alágbe. Ní báyìí, wọ́n á tẹ *880#, wọ́n á tẹ iye owó àti nọ́ńbà àṣírí wọn, ó parí.

Ṣùgbọ́n ìjà mìíràn ti dé. Ẹ ó dúnàádúrà tán, ẹ ó gbà fúnra yín, èmi á wá ní, "Ẹ fi owó àtigbà á sí i o." Ojú á kọ́rẹ́ lọ́wọ́! Wọ́n á ní mo tún ti gbówó lé aṣọ. Bẹ́ẹ̀ aṣojú MoMo tó jókòó sínú àpótí aláwọ̀ yẹ́lò kò ní ṣàì yọ tirẹ̀ tí mo bá lọ gba owó náà, èrè orí ìró kan kò sì tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà á jáde mọ́. Orí fóònù níbẹ̀ ni mo ti ń sanwó fẹ́ni tó ń kó aṣọ fún mi ní Kùtọnù, ibẹ̀ náà ni mo ti ń san owó iná.

Ọlọ́kadà Kétu:
Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Mo gbé ọ̀gbẹ́ni kan lọ sí Ìlárá. A débẹ̀, ó tẹ fóònù, tèmi dún, mo rí i pé owó ti wọlé. Mo wo ẹni tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́: kì í ṣe orúkọ MoMo, nọ́ńbà èèyàn lásán ni, 01 ló fi bẹ̀rẹ̀! Mo yẹ àpò owó mi wò, kọ́bọ̀ kò kún un. Ó ní rẹ́sọ̀, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni kò dáa. Mo ní kò burú, kí báàgì rẹ̀ wà lórí ọ̀kadà títí rẹ́sọ̀ á fi dé. Kíá ló yọ owó látinú ṣòkòtò.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Ó mà gbọ́n o! Fóònù méjì lèmi ń gbé kiri, MoMo nínú ọ̀kan, owó orí fóònù ti Moov nínú èkejì. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, BCEAO, báńkì àpapọ̀ tó ń tẹ sẹ́fà, gbé ètò PI-SPI jáde, kí owó lè máa ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, káàkiri orílẹ̀-èdè 8 tó jọ ń ná sẹ́fà wa yìí. Ta ló ti fi gbowó lọ́wọ́ oníbàárà nínú yín?